Jẹ́ Kí Irin Náà Lo Ọjọ́ Rẹ̀ Pé Nínú Iná

Ṣọ́ọ̀bù wa,
Ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn,
Èjìgbò.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Rúkáyà, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo sì ń bínú sí ọ. Mo fẹ́ kí o mọ méjèèjì kí o tó kà síwájú. Ara Màámi le, ara àwọn ọmọ mi le, ìyàwó mi náà ní kí n kí ọ. Ìkíni tán.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé lórí fóònù, ìwọ a máa sunkún, èmi a máa pariwo, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a sì já kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ nǹkan kan. Bí mo bá kọ ọ́ tán, ìyàwó mi yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí ọ. Kà á lẹ́ẹ̀kan, kí o sì tún un kà nígbà tí inú rẹ bá rọ̀.

Màámi sọ ohun tí o bá wọn sọ lọ́jọ́ Àìkú fún mi. Wọ́n ní irin àkọ́kọ́ tí o pò níbi iṣẹ́ tuntun rẹ ti já, pé èkejì tó wà nínú ìléru báyìí ti ń nà ju bí o ṣe rò lọ, àti pé o fẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, kí o wá gba ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá Àbíjàn fi lọ̀ ọ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Mo sọ ọ́ níbí kí o má baà máa wá a kiri inú lẹ́tà.

O lè bi mí pé kí ló kàn mí. Mi ò tíì ní irun funfun kan lórí. Ilé ìwé abúlé ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni ìwé mi mọ, ìwọ sì ti kàwé dé ibi tí ahọ́n mi kò lè pe orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ Bàbá wa, nígbà tí o ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù pírámárì, àwọn àgbà ẹbí fa ọwọ́ rẹ lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ní, "Gàníyù, ìwọ ni bàbá rẹ̀ láti òní lọ." Ọ̀dọ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di irun ọmọbìnrin ni mí nígbà náà. Mo gbà ọ́, mi ò sì tíì dá ọ padà. Nítorí náà, ohun tí Bàbá ì bá kọ sí ọ ni mò ń kọ yìí, àfi pé ohùn Bàbá ì bá tutù ju tèmi lọ.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ àtíbàbà Màámi ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ ti yé mi. Iléyá tó kọjá ni, ó kù díẹ̀ kí o rìnrìn àjò. Màámi ń yan gàrí, èéfín ń lé wa kiri, ìwọ jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Wọ́n bi ọ́ pé irú iṣẹ́ wo gan-an lo ń lọ ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnì kankan kò fi lè ṣàlàyé rẹ̀ kó yé àwọn. O na ọwọ́ sí ọ̀pá irin tó gbé agbada dúró lórí ààrò. Ó ti tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ti darúgbó.

"Màámi, ta ló tẹ irin yìí?"

"Ta ni yóò tẹ̀ ẹ́? Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀."

"Ṣé ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e ni?"

"Agbada kan náà ni, gàrí kan náà ni. Á ṣáà máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n rẹ á fi wá pààrọ̀ rẹ̀."

"Iṣẹ́ tí mò ń lọ ṣe nìyẹn, Màámi. Kí irin má tẹ̀."

Lẹ́yìn náà lo wá ṣàlàyé pé nínú ẹ́ńjìnnì bàálù, àwọn abẹ̀bẹ̀ irin kéékèèké kan wà tí atẹ́gùn iná ń fẹ́ lù, pé ooru ibẹ̀ pọ̀ débi pé irin tiwa níbí yóò yọ́. Abẹ̀bẹ̀ náà ń yí, yíyí náà sì ń fà á síta bí ìgbà tí èèyàn so òkúta mọ́ okùn tó ń fì í lókè orí. Kò ní já lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò rọra máa nà ni, díẹ̀ tí ojú kò lè rí, títí yóò fi lọ kan ara ilé tó yí i ká tàbí títí yóò fi já. Irin kan tí wọ́n ń pè ní níkẹ́lì ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á po oríṣiríṣi èròjà mọ́ ọn kí ó lè fara da iná. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti wá àpòpọ̀ tí yóò pẹ́ kí ó tó nà.

Màámi ro ó títí. Wọ́n ní, "Ṣé àwọn tó wà nínú bàálù náà mọ̀ pé irin ń nà lábẹ́ àwọn?" O ní wọn kò mọ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀, ta ni yóò lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n ń pín níbẹ̀?"

O bu gàrí sí àtẹ́lẹwọ́, o ní irin náà kún fún hóró bí èyí, pé ibi tí hóró àti hóró ti pàdé ni wọ́n ti máa ń yọ̀ lára wọn bí iná bá mú wọn pẹ́. Nítorí ìyẹn làwọn tó ṣáájú yín nínú iṣẹ́ náà ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí irin yíyọ́ dì díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ó gba ọ̀nà tóóró lílọ́ kan tí hóró kan ṣoṣo lè là kọjá, kí odindi abẹ̀bẹ̀ lè jẹ́ hóró kan láti ìdí dé orí. Mo gbàgbé láti koná mọ́ ààrò nígbà tí mò ń gbọ́ ọ. Èmi tí mò ń jó irin mọ́ irin lójoojúmọ́, mo mọ̀ pé ojú ìsopọ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé irin tí mi ò so pọ̀ rárá kún fún ìsopọ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ìwọ lo kọ́ mi. Nítorí náà, má ṣe rò pé mo fẹ́ kọ́ ọ ní irin. Dídúró de irin nínú iná nìkan ni mo rò pé mo mọ̀ jù ọ́ lọ.

Ìmọ̀ràn mi kìíní nìyí. O mọ àṣà òpópó àwa wẹ́dà. Bí ẹnì kan bá wá gba ẹsẹ̀ irin tó ń gbé agbada dúró, wẹ́dà gbọ́dọ̀ gùn ún kí ó dúró lórí rẹ̀ lójú oníbàárà. Bí kò bá gùn ún, oníbàárà kò ní gbé e. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́, Ìyá Sàfú láti Masifa ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní kí n ṣe ńlá fún òun. Nígbà tí wọ́n wá gbà á, mo gùn ún, dídúró kò tó mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí jó. Mo tún pe Mùfú tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé kó wá gùn ún pẹ̀lú mi. Gbogbo òpópó pàtẹ́wọ́. Irin náà kò mì rárá, Ìyá Sàfú sì gbé e lọ tayọ̀tayọ̀.

Kí òjò ọdún náà tó dá, wọ́n fi ọ̀kadà gbé e padà. Àwọn ọ̀pá àárín ti tẹ̀ débi pé agbada yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó da gàrí sínú iná. Wọ́n gbé e kalẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọn ò pariwo, wọ́n kàn ní, "Gàníyù, gùn ún. Ijó lo fi tà á fún mi, ijó náà ni kí o jó. Bí o bá jó tán, kí o wá bá mi yan gàrí lórí rẹ̀." Mùfú ló rẹ́rìn-ín jù, bẹ́ẹ̀ òun náà jó.

Irin tútù ni mo dán wò, iṣẹ́ iná ni mo tà á fún. Bákan náà ni gbogbo òpópó wa ń ṣe, títí di òní ni wọ́n ṣì ń gùn ún. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ṣe ọ̀kan tán, mo máa ń gbé e sórí ààrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń kó òkúta sínú agbada, mo máa ń dáná sí i, mo sì máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Wọ́n ní Gàníyù ń se òkúta. Wọ́n ní kí n ké sí àwọn bó bá jinná. Mo ṣáà ń koná mọ́ ọn. Ìwọ náà, bí àwọn tẹ́ ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bá ti ń ní nǹkan tí wọ́n lè gbé jáde kí èèyàn rí, tí tìrẹ ṣì so rọ̀ sínú ìléru pẹ̀lú ẹrù tó ń fà á nísàlẹ̀, jẹ́ kí wọ́n gbé tiwọn jáde. Iṣẹ́ tí o yàn kò ní ọ̀nà àbùjá.

Èkejì. Lẹ́yìn ìtìjú Ìyá Sàfú, mo ní mi ò tún ní ṣe ohun tó máa tẹ̀ mọ́ láyé mi. Mo wá irin tó nípọn, mo tò ó há ara wọn sábẹ́ agbada obìnrin kan níbí ní Èjìgbò. Kò tẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iná kò rí àyè gbà kọjá, gàrí kò gbẹ dénú, ó bu nínú àpò. Mo ní láti yọ púpọ̀ nínú irin náà kúrò fúnra mi.

Ohun tí o ṣe sí irin rẹ àkọ́kọ́ náà nìyẹn. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní rẹ́níọ́mù, tó ṣọ̀wọ́n gan-an, pé díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí irin lọ́ra láti nà. O ní bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ wá ńkọ́. O fi kún un ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Ó le koko ní ìbẹ̀rẹ̀, inú rẹ dùn. Nígbà tó pẹ́ nínú iná, ohun kan tó rí bí abẹ́rẹ́ hù nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì gbà já. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé o ti da irin náà kí o tó sọ fún ọ̀gá rẹ. Mo mọ ìdí rẹ̀. O fẹ́ jó lórí rẹ̀ lójú wọn. Ẹ̀jẹ̀ wa ni, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, dá a dúró níbi tó dé yẹn. Béèrè kí o tó dà á. Bí wọ́n bá ní kò ní ṣeé ṣe, bi wọ́n pé kí nìdí, kí o sì fetí sílẹ̀ títí wọn á fi sọ ọ́ tán. Mo mọ̀ pé apá kejì yẹn ló le fún ọ.

Jẹ́ kí n tún sọ ti ọ̀gá rẹ obìnrin yẹn níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ rẹ̀. O sọ fún Màámi pé nígbà tí irin rẹ já, ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó kó àwọn irin jíjá tirẹ̀ jáde, ó ní "káàbọ̀." O ní ó fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Àbẹ̀kẹ́, mo mọ yẹ̀yẹ́, Ìyá Sàfú ti fi mí ṣe é lójú gbogbo òpópó. Ẹni tó ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ kì í kó èyí tó já mọ́ òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ jáde. Obìnrin náà ń sọ fún ọ pé ọ̀pọ̀ ti já mọ́ òun lọ́wọ́, òun ò lọ. Lọ bá a. Béèrè ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Mo ń bọ̀ síbi tó ká mi lára jù, ìyẹn irin kejì, èyí tó wà nínú iná báyìí.

Nígbà tí mo tún ti Ìyá Sàfú ṣe, mo gun ọ̀kadà lọ sí Masifa láìpẹ́ sí i láti lọ wò ó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rí i pé àwọn ọ̀pá náà ti wálẹ̀ díẹ̀. Ojú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tú u. Wọ́n fi igbá tí wọ́n fi ń yan gàrí gbá mi lọ́wọ́.

"Ta ní kí o fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ó tún ti ń tẹ̀."

"Kò tẹ̀. Ó jókòó ni. Láti ọjọ́ mélòó kan kò kúrò níbi tó wà yẹn mọ́. Máa lọ ilé rẹ."

Títí di òní, ibẹ̀ náà ló wà. Bí o bá gba Masifa kọjá, o lè bẹ̀rẹ̀ kí o wò ó. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ fún ọ, o rẹ́rìn-ín, o mú èédú, o fa ìlà kan sára ògiri àtíbàbà Màámi. Ìlà náà gòkè díẹ̀, ó wá lọ gbọọrọ, lẹ́yìn náà ló tún gòkè pátápátá. O ní bí gbogbo irin ṣe máa ń ṣe nìyẹn: yóò yára nà níbẹ̀rẹ̀, yóò wá lọ́ra fún ìgbà pípẹ́, kí ìkánjú ìkẹyìn tí yóò já a tó dé. O ní ibi gbọọrọ àárín yẹn ni ẹ̀mí àwọn tó wà nínú bàálù wà, òun ni iṣẹ́ rẹ, kí o bá wọn fà á gùn.

Ìlà náà ṣì wà lára ògiri. Mo lọ wò ó lánàá. Kí ló wá dé tí ìwọ tí o fà á fi rí i pé irin ń nà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí o sì sọ pé ó ti bàjẹ́? Mi ò sọ pé yóò dára. Ó lè já kí irin tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ tó já, Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n o ò tíì mọ̀, èmi náà ò tíì mọ̀, ọ̀gá rẹ náà ò tíì mọ̀, ẹni tí kò mọ̀ kì í kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ti Bàbá Àbíjàn, ìwọ mọ̀ pé àbúrò Bàbá wa ni wọ́n, mi ò lè fojú di wọ́n. Wọ́n wá sí pálọ̀ Màámi ní ọ̀sẹ̀ yìí. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ti wà nílẹ̀ ní Àbíjàn, pé ọmọ tó mọ̀wé bí tìrẹ ni yóò tún un ṣe, pé kí o máa bọ̀, wọ́n wá fi èdè Faransé tì í lẹ́yìn bí wọ́n ti máa ń ṣe: "Sè fíní. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Mo ní kò tíì parí. Wọ́n bi mí pé ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni mo wí. "Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fa ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Àfi bí ẹ bá fẹ́ gbà á padà lónìí."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n nítorí ohùn mi, mi ò bẹ̀ wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n wò mí títí, nígbà tó yá wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn náà sunkún ní òjò àkọ́kọ́ tí àwọn lò ní Àbíjàn. "Fóònù ni kò sí nígbà yẹn. Bí fóònù bá wà, ǹ bá ti sá wálé." Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù náà kò ní sá lọ, kí n sọ fún ọ bẹ́ẹ̀. Mo sì ti sọ ọ́.

Má ṣì mí gbọ́. Iṣẹ́ Àbíjàn kò kéré lójú mi. Ta ló kọ́ ìdajì ilé tó wà ládùúgbò wa bí kò ṣe àwọn tó lọ ṣòwò níbẹ̀? Bí o bá parí èyí, tí o sì yàn án, èmi ni yóò gbé ẹrù rẹ dé ìdí ọkọ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí o fi ibẹ̀ ṣe ibi ìsásí nítorí irin tí kò tíì já.

Àwọn nǹkan kékeré kù. Jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́, mo mọ̀ pé o kì í jẹun bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀. Wá àwọn obìnrin tó ń kírun Jímọ̀ níbẹ̀, kí o máa bá wọn jókòó, yàrá kò dára fún ẹni tó ń ronú. Máa pe Màámi nígbà tí inú rẹ dùn náà, kí wọ́n má baà máa fò sókè bí fóònù bá dún. Bí ọkùnrin kan bá ní òun fẹ́ fẹ́ ọ, mú un lọ síwájú ìléru rẹ, kí ó jókòó wò ó pẹ̀lú rẹ. Bó bá bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo ni yóò tán, má mú un wálé.

Bí irin náà bá ti lo ọjọ́ rẹ̀ pé, yálà ó dára tàbí kò dára, tí o sì tún sọ pé ilé lo ń bọ̀, èmi ni yóò wá pàdé rẹ ní pápákọ̀ bàálù, mi ò sì ní bi ọ́ ní ìbéèrè kan títí a ó fi dé Èjìgbò. Yàrá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Mo ṣèlérí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí irin náà kọ́kọ́ sọ tirẹ̀.

Ohun kan ló kù. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, lẹ́yìn tí o sunkún tán tí o sì gbé fóònù kalẹ̀, Màámi ròyìn rẹ̀ fún mi tán, wọ́n padà sídìí ààrò. Wọ́n ń ro gàrí lọ, wọ́n ń ro ó bọ̀. Mo rò pé wọn yóò ní kí ọmọ àwọn máa bọ̀ wálé. Wọ́n kàn gbójú sókè, wọ́n bi mí pé, "Irin tó ní ó wà nínú iná yẹn, ta ló ń wò ó nígbà tó ń sunkún?"

Mo sọ fún wọn pé ìwọ ni. Má sọ mí di òpùrọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí wọ́n fi ọ́ lé lọ́wọ́,
Gàníyù.